Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Òkúta

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi jẹ́wọ́: mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún òkúta rí. Kì í ṣe lójú àlá. Ilẹ̀ ti mọ́, mo ti mu tíì, ojú mi sì dá ṣáṣá. Inú ṣọ́ọ̀ṣì kan ni, ní abúlé kan ní Ìlú Ọba tí n ò ní dárúkọ, torí àwọn ará ibẹ̀ ò ṣẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kìíní tí mo wọṣẹ́ ni. Inú ilé náà ṣókùnkùn bí inú àká. Mo gbé ìgbálẹ̀ dání, mò ń lọ sí igun ọwọ́ òsì, ni mo bá rí bàbá àgbàlagbà kan tó na tàntàn sórí ohun tó jọ ibùsùn. Ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sórí àyà, ajá ẹ̀ ń sùn níbi ẹsẹ̀ ẹ̀. Ọmọ Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ni mí, wọ́n kọ́ mi nílé. Ní agboolé wa, ọmọ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ àgbà kọjá láìkí i, títí ọmọ ọ̀hún á fi bímọ ni wọ́n á máa rán an létí. Mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ìsinmi sà."

Bàbá ò dáhùn. Mo ní bóyá etí ẹ̀ ti di. Mo tún un kí, mo gbóhùn sókè. Kò mira. Mo dìde, mo gbọn eruku àyà mi dànù, mo ń kùn lábẹ́nú pé àwọn òyìnbó yìí, láti kékeré dọjọ́ ogbó, wọn ò mọ̀wọ̀ ara wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo tún bá a níbẹ̀. Mo tún kí i, ṣùgbọ́n mo kàn tẹ̀ díẹ̀ ni, torí inú ti ń bí mi. Ọjọ́ kẹta ni mo sún mọ́ ọn pé kí n fọ̀rọ̀ náà wá a lẹ́nu wò, ni mo rí i pé bàbá ò ní imú. Wọ́n ti gé e. Ajá ò ní etí. Òkúta ni, tajá tolówó ẹ̀. Mo sáré. Ẹ má bi mí bí òkúta ṣe ń lé èèyàn. Ẹni tó ń sá ló mọ̀ ọ́n lára. Ìta ni mo ti kọsẹ̀, mo gbójú sókè, mo rí i pé àárín sàréè ni mo sá wá. Ni mo bá tún sá padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín tán, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹni tó ń kírun márààrún ṣe di agbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Bíríkìlà ni mí ní Ìbàdàn. Láti Bẹyẹrúnkà dé Ọjà'ba, ògiri tí mo mọ ò lóǹkà; èyí tó ṣì dúró nínú wọn ló lóǹkà. Nígbà tí mo dé Ìlú Ọba, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bíríkì. Wọ́n ní ìwé ẹ̀rí mi dà? Mo na ọwọ́ mi sí wọn, wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ìwé. Mo bá lọ ń fọ òkú adìẹ nílé iṣẹ́ kan, níbi tí òtútù ti ń mú alààyè ju òkú lọ. Ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ni mo lò ńbẹ̀. Kò sẹ́ni tó morúkọ mi. Nọ́ńbà tó wà lára bàtà òjò tí wọ́n fún mi ni wọ́n fi ń pè mí, ọjọ́ tí mo sì pààrọ̀ bàtà, mo di ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ kan mo rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù abúlé: wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gé koríko, tí yóò máa gbálẹ̀, tí yóò máa kó ewé kúrò nínú gọ́tà òrùlé, tí yóò máa ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, tí yóò sì máa tì í nírọ̀lẹ́. Yàrá kan wà lẹ́nu géètì tí ẹni náà lè máa gbé. Wọn ò béèrè ẹ̀sìn. Èmi náà ò sọ.

Ẹni tó kọ́ ilé náà, bó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ mi ni, mo bá ti lé e lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Ògiri wọ́. Òpó méjì ò jọra. Ilé gogoro tí agogo wà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òfófó. Kò sí sìmẹ́ǹtì, kò sí irin. Òkúta tí wọ́n ṣà lóko ni, wọ́n fi ẹfun àti yanrìn lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Wọ́n ní ó ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún. Mo rántí ilé tí mo kọ́ sétí odò Ògùnpa, tó jẹ́ pé òjò mẹ́ta péré ló rí. Inú bí mi sí òkúta wọ̀nyẹn.

Obìnrin tó gbà mí síṣẹ́, Màmá Hílídà, òun ni wọ́dìn ìjọ, ẹni tó ń bójú tó ilé náà. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó gbẹ bí igi ìdáná, ẹnu ẹ̀ sì mú bí abẹ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pè é ní Màmá, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo bí ẹ."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Màmá."

Ó fi mí sílẹ̀. Òun náà ò lè pe orúkọ mi, ló bá ń pè mí ní Ìbàdàn. Gbogbo ìlú, láti Mápó dé Agodi, orí èmi nìkan ló kó o lé.

Òun ló mú mi yí ilé náà ká, tó ń sọ ìtàn ẹ̀ fún mi. Ní àtijọ́, ó ní, kò sí ohun tí wọn kì í ṣe níbẹ̀. Wọ́n ń tajà nínú ẹ̀, wọ́n ń mu ọtí àgbàdo wọn nínú ẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbéyàwó, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà ilẹ̀. Orúkọ gbogbo àlùfáà tó ti jẹ níbẹ̀ wà lára pátákó kan. Ibì kan wà tí àlùfáà mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn láàárín ọdún kan ṣoṣo: àjàkálẹ̀ àrùn ló ń pa wọ́n bí wọ́n ṣe ń dé. Ẹ̀rù ẹni kẹta yẹn bà mí. Ó mọ ohun tó pa ẹni méjì ìṣáájú, ó ṣì gbé ẹrù ẹ̀ wá. Ká ní èmi ni, ǹ bá sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Mo wá bi í léèrè bàbá olókùúta.

"Màmá, ta ló gé imú bàbá yìí?"

"Àwa ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Kì í ṣe àwọn ọ̀tá yín?"

"Àwa náà ni. Ọba yí ẹ̀sìn padà, wọ́n ní òrìṣà ni gbogbo ère, làwọn baba wa bá gbé òòlù. Àwòrán tó wà lára ògiri, wọ́n fi ẹfun kùn ún pa."

Nígbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀, obìnrin kan wà lórí àkàsọ̀, ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré ju ti ìfọyín lọ, ó ń ha ara ògiri. Ó ti tó oṣù méjì tó ti wà ńbẹ̀.

"Kí ni ìyẹn ń ṣe?"

"Ó ń ha ẹfun náà kúrò, ká lè rí àwòrán."

Baba kùn, ọmọ ń ha. Bí àwọn ọmọ ọmọ wọn bá dé, ẹ ó kàn gbọ́ pé wọ́n ti tún po ẹfun ni.

Ẹ tún wá wo ọjọ́ Sunday. Èèyàn méje ló ń wá sínú ilé tó gba igba èèyàn. Méjèèje á jókòó kálukú sórí bẹ́ǹṣì tiẹ̀, bí orogún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán. Àlùfáà wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́fà tó ń bójú tó, ó ń sáré láti ọ̀kan dé ìkejì bí ẹni tó ń kiri ẹran kó tó jẹrà. Bó bá fi máa ṣàmín tán, mọ́tò ẹ̀ ti ń hó. Obìnrin méjì wà nínú àwọn méje yẹn tí wọn ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá, lórí ta ló ni fèrèsé tí wọ́n ń gbé òdòdó sí. Èyí tó wá ya mí lẹ́nu jù ni àwọn tó ń lu agogo. Mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n á lu agogo náà débi tí ilẹ̀ á máa gbọ̀n, pé kí gbogbo ayé wá sìn. Kí ẹni méje yẹn tó wọlé, àwọn alágogo á ti gba ilé ọtí lọ. Mo dá ọ̀kan nínú wọn dúró.

"Ẹ ò ní dúró gbàdúrà ni, ọ̀gá?"

"Èmi? N ò gba Ọlọ́run gbọ́. Agogo ni mo gbà gbọ́."

Ẹ̀yin ará Bẹ́ẹ̀rẹ̀, bí ládàánì bá pe ìrun tán tó ki ọwọ́ bọ àpò tó gbọ̀nà ọjà lọ, kí lẹ ó pè é?

Èmi náà ń kẹ́gàn wọn o, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí mò ń wò láti kẹ́gàn: láti ìta, lórí koríko, pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́wọ́ mi. Nílé, láti ẹnu ọ̀nà wa dé Ọjà'ba, èèyàn á kí ogójì èèyàn, ogójì á bi í léèrè ara àwọn tí kò bá a wá. Níbí, ọ̀sẹ̀ kìíní mi, ẹnì kan ṣoṣo tí mo kí dáadáa ni òkúta. Abẹ́ ilé ni a ń sin òkú tiwa sí ní agboolé wa. A ń jókòó lé wọn lórí, a ń jẹun, a ń bú ara wa, wọ́n ń gbọ́. Àwọn ará ibí kó tiwọn sí ìta nínú òtútù, wọ́n wá háyà àjèjì pé kó máa gé koríko orí wọn bí ẹni ń gé irun. Inú yàrá kékeré tó wà lábẹ́ agogo ni mo ti ń kírun, mo kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, torí apá ibẹ̀ ni Mẹ́kà bọ́ sí. Ibẹ̀ náà nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń dé ní gbogbo abúlé. Ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run àti àwọn ará ilé mi fi jọ ń gbóhùn mi níbì kan náà.

Ọjọ́ kan wà tí mo borí. Òjò wó ògiri tó yí sàréè ká. Àwọn ọ̀mọ̀wé wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn án títí ìwé àṣẹ á fi dé. Ìwé rìn fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó wá dé, ẹni tó yẹ kó ṣe é ní ẹ̀yìn ń dun òun. Mo ní kí wọ́n fún mi. Mo po ẹfun bí wọ́n ṣe júwe ẹ̀, mo to òkúta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ mi sì rántí ara ẹ̀ kí orí mi tó rántí. Màmá Hílídà gbé tíì wá fún mi níbẹ̀. Ó dúró, ó pa ojú kan dé.

"Ó wọ́."

"Ó bá ìyókù mu ni, Màmá."

Ó lọ. Ṣùgbọ́n mo rí èjìká ẹ̀ tó ń gbọ̀n bó ṣe ń lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ kí n mọ̀ ni.

Ibi tí mo ti wá ṣe àṣìṣe kejì, tó ju ti òkúta lọ, ni pé mo ròyìn ti òkúta. Ọ̀rẹ́ mi Lámídì, télọ̀ ni l'Ọ́jà'ba, òun ni mo sọ ọ́ fún lórí fóònù kó lè rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún àwọn oníbàárà ẹ̀, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá fi ẹsẹ̀ méjì kúrò l'Ọ́jà'ba, kó tó dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀ á ti ní ẹsẹ̀ mẹ́fà àti ìrù. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n mi Àlàájì, tó jẹ́ olórí agboolé wa, pè mí.

"Ṣé o wà ńbẹ̀?"

"Mo wà ńbẹ̀, Àlàájì. Ẹ kú ilé sà."

"A gbọ́ pé o ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe níbẹ̀ sà. Mò ń gbálẹ̀ ni."

"Èwo lo wá ń ṣe? Ò ń gbálẹ̀ ni àbí ò ń dọ̀bálẹ̀? Wọ́n ní àràárọ̀ lò ń foríbalẹ̀ fún ère, o sì máa ń kí ajá ẹ̀."

"N ò kí ajá, Àlàájì!"

Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni mo mọ̀ pé mo ti jẹ́wọ́ ìyókù.

Ó wá sọ̀kalẹ̀ sórí ohun tó torí ẹ̀ pè mí. Yìgì ọmọ mi Kúdírátù ku ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi ló yẹ kí n fi í fọ́kọ lórí fóònù, bí a ṣe jọ fẹnu kò. Àwọn àna ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ère. Ààfáà wọn ní ẹni tó bá ti kúrò nínú ẹ̀sìn ò lè fi ọmọ Mùsùlùmí fọ́kọ, kí Àlàájì dúró gẹ́gẹ́ bí bàbá.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ mọ̀ mí."

"Èmi mọ ẹni tó kúrò ńlé. Èwo ni mo mọ̀ nínú ẹni tó wà lọ́hùn-ún?"

Kúdí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá ẹ̀ kú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí mo kúrò ńlé. Ìgbà tó parí kéú, fídíò ni mo fi wò ó. Ìgbà tó jáde ilé ìwé, fídíò. Mo ti sọ fún un pé ohun kan wà tí n ò ní fi wò lásán, ohùn mi ló máa gbọ́ lọ́jọ́ tó bá ń lọ ilé ọkọ. Ní abúlé yìí, Ìbàdàn ni wọ́n ń pè mí. Ní Ìbàdàn, wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó fi ibi tí mo wà pè mí rí. Ibi tí n ò sí ni wọ́n fi ń sọ mí lórúkọ.

Lọ́jọ́ kejì, Kúdí fúnra ẹ̀ pè mí.

"Bàbá mi, kí lẹ wá dọ̀bálẹ̀ fún òkúta fún?"

"Mo rò pé èèyàn ni."

"Kò ní imú, ẹ rò pé èèyàn ni?"

"Ibẹ̀ ṣókùnkùn, Kúdí."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà lẹ́nu ẹ̀. "Ẹ ṣáà wá nǹkan ṣe sí i. Tí kì í bá ṣe ohùn yín ni mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, n ò ní jẹ́ kí wọ́n so yìgì kankan. Mo ti sọ fún wọn."

Wọ́n fi ìpàdé sí ọ̀sán Sátidé tó tẹ̀lé e, lórí fídíò. Mi ò níbi tí mo lè jókòó sí ju yàrá abẹ́ agogo lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé obìnrin tó ń ha ògiri ti ha ẹfun débẹ̀, áńgẹ́lì ńlá kan sì ti yọjú lára ògiri, ó na ìyẹ́ apá méjèèjì. Mo fi ẹní ìrun mi bò ó, mo fi ìṣó kékeré méjì kọ́ ọ, mo jókòó síwájú ẹ̀. Mo di fóònù mú, mo tẹ̀ ẹ́.

Àlàájì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ààfáà àwọn àna jókòó ti í, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó gbọ́ èdè òyìnbó dáadáa, ó sì ń fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀, èyí tó mú kí ẹ̀rù ẹ̀ bà mí sí i. Kúdí dúró lẹ́yìn wọn. Mo kí wọn, mo ka kálímọ̀ sókè kí wọ́n tó ní kí n kà á.

"A gbọ́, bàbá," ni ààfáà wí. "Ṣùgbọ́n ẹnu ni ìyẹn. Ẹlẹ́rìí ni a fẹ́. Mùsùlùmí wo ló wà lọ́dọ̀ yín tó lè sọ pé ẹ ṣì wà nínú ẹ̀sìn?"

"Kò sí, ààfáà. Èmi nìkan ni mo wà ní gbogbo abúlé."

"Ta ló wá ń rí yín?"

Ibẹ̀ ni ìṣó kan ti yọ. Ẹní ìrun já wálẹ̀ gbì, áńgẹ́lì yọ lẹ́yìn mi pẹ̀lú ìyẹ́ apá. Ariwo sọ lọ́hùn-ún. Àlàájì ń pe "Lá iláá", ẹnì kan ń pariwo pé ère náà rè é, ó ti dìde o! Mo ń pariwo pé àwòrán ni, àwòrán ni.

Ariwo náà ló gbé Màmá Hílídà wọlé. Ó gbé korobá òdòdó dání, omi ń kán sílẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an la jà lórí omi òdòdó yìí.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí, Ìbàdàn?"

Kí n tó yanu, ààfáà ti ń fi òyìnbó bá a sọ̀rọ̀ láti inú fóònù: ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ta ni yín? Ó ní òun ni wọ́dìn ìjọ. Ààfáà ní ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ bàbá yìí ni. Kí ẹ sọ òtítọ́ fún wa níwájú Ọlọ́run, ṣé ó ti di ọmọ ìjọ yín?

Màmá Hílídà gbé korobá sílẹ̀. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e jìnnà sójú ẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹja tó ti ń rùn. Mo rò ó pé ó ti parí. Obìnrin tí mo bú láàárọ̀, òun ni wọ́n gbé ọmọ mi lé lọ́wọ́.

"Ọkùnrin yìí?" ló wí. "Bí a bá ń kọrin nínú ilé, á wà lórí koríko, á máa jẹ ẹ̀pà. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ló ń ti ilẹ̀kùn yàrá yìí mọ́ra ẹ̀ tó ń bá kọ́bọ́ọ̀dù ìgbálẹ̀ mi sọ̀rọ̀, tí n kì í rí ìgbálẹ̀ mú."

Ààfáà túmọ̀ ẹ̀ fún Àlàájì.

"Nígbà tẹ́ ẹ wá ní kí n sọ òtítọ́," ni Màmá Hílídà tún wí, "ọdún kẹrin rè é tí mò ń kúnlẹ̀ láràárọ̀, tí mò ń bẹ Olúwa pé kó sọ ọ́ di Kìrìsìtẹ́nì. Ẹ sọ fáwọn ará ilé ẹ̀ pé Olúwa ò tíì dá mi lóhùn."